Ọjọ́ Kan Ni À Ń Ra Ilé, Ojoojúmọ́ Ni À Ń Gbé Inú Rẹ̀

Ẹlòmíràn nínú yín ti oko bọ̀, ẹlòmíràn ti ọjà bọ̀, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà lónìí kò jìnnà sí ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń rò lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ríra ilé ni.

Ta ni kò fẹ́ ní ilé tirẹ̀? Ẹni tí ó ń gbé ilé onílé, bí oṣù bá ti ń parí ni àyà rẹ̀ ń já. Bí ọmọ rẹ̀ bá pariwo, onílé a bínú. Bí àlejò rẹ̀ bá pọ̀, onílé a bínú. Nítorí náà, bí owó díẹ̀ bá wọlé, kíá, a ti ń wá ilé rà. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní: ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ohun tí ó yẹ kí á wò kí á tó ra ilé pẹ̀lú.

1. Ìlú ń gbòòrò

Ẹ wo Kútọnù. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà Nokwé wà ní àríwá rẹ̀. Àyè ìlú náà ti kún. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń ṣí lọ sí ẹ̀bá ìlú: sí Gòdómẹ̀, sí Kàlàví, sí Sẹ̀mẹ̀.

Ní ọdún 2002, nígbà tí ìjọba ka ènìyàn, àwọn tí ó wà ní kọ́múnù Abomey-Calavi jẹ́ 307,745. Ní ọdún 2013 tí a tún kà wọ́n, wọ́n ti di 656,358. Ẹ kíyè sí i: láàárín ọdún 11, wọ́n ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ní Kútọnù fúnra rẹ̀, láàárín àkókò kan náà, láti 665,100 ni wọ́n dé 679,012. Èyí fi hàn wá pé ẹ̀bá ìlú ni èrò ń rọ́ lọ.

Ibi tí èrò bá rọ́ lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ a wọ́n. Ilé a máa yára hù níbẹ̀ bí olú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà, omi ẹ̀rọ, iná àti ilé ìwé kì í yára bẹ́ẹ̀. Ènìyàn a kọ́kọ́ dé, àwọn nǹkan wọ̀nyí a wá máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ra ilé níbẹ̀ ni yóò máa dúró dè wọ́n.

2. Bàbá Ìbejì rí ilé

Ìtàn kékeré kan ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ wa. Ẹ má wá ẹni tí ó ni ín. Ó lè jẹ́ ìtàn ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn iye owó inú rẹ̀, àpẹẹrẹ ni wọ́n.

Bàbá Ìbejì jẹ́ ọmọ Kétu. Télọ̀ ni ní Kútọnù. Ìyá Ìbejì, aya rẹ̀, ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́bàá ọjà kan nínú ìlú náà. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé. Owó ilé wọn jẹ́ 35,000 fránkì lóṣù. Ọdún 11 ni tọkọtaya yìí fi dá èésú. Nígbà tí wọ́n ta igi tíìkì tí bàbá àgbà gbìn sí oko ní Kétu, wọ́n pín nínú owó rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo owó ọwọ́ wọn wá di 6,300,000 fránkì. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí owó yẹn bá bọ́ sómi, ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, orí wọn sì ti ń hu ewú.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, alágbàtà kan mú Bàbá Ìbejì lọ wo ilé kan ní Gòdómẹ̀. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ní ọ̀dà. Àgbàlá rẹ̀ gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Owó rẹ̀ jẹ́ 5,000,000 fránkì.

Alágbàtà sọ fún un pé: "Ẹni mẹ́ta mìíràn ti ń béèrè rẹ̀. Bí ẹ kò bá san owó títí Ọjọ́ Ẹtì, ó ti lọ nìyẹn."

Inú Bàbá Ìbejì dùn púpọ̀. Ó sáré wá sílé. Ó ní:

"Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa. A kò ní san owó ilé mọ́! Yàrá méjì ni o. Àwọn ọmọ yóò ní yàrá tiwọn."

Ìyá Ìbejì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Ọdún kan péré ni ó fi kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà bí irú èyí, ó sì ti mọ ìṣirò. Ó ní:

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣírò ọjọ́ kan."

"Ọjọ́ kan báwo?"

"Ọjọ́ kan, láti ìgbà tí a bá jí títí a ó fi sùn. Ilé tí ẹ rí dára lójú. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe máa gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́?"

3. Ìṣirò ọ̀nà

Tọkọtaya náà jókòó sídìí àtùpà. Ìyá Ìbejì ń béèrè, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì yóò gun sẹ́mìjàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kútọnù. Lílọ jẹ́ 500 fránkì, bíbọ̀ jẹ́ 500. Ó di 1,000 lójúmọ́. Ọjọ́ 26 ni ó ń ṣiṣẹ́ lóṣù. Ó di 26,000.

Ìyá Ìbejì ní ẹrù. Lílọ rẹ̀ jẹ́ 700, bíbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 700. Ó di 1,400 lójúmọ́. Ní ọjọ́ 26, ó di 36,400.

Àwọn ìbejì kò fẹ́ fi ilé ìwé wọn sílẹ̀. Àwọn méjèèjì yóò gun sẹ́mìjàn kan. Lílọ jẹ́ 400, bíbọ̀ jẹ́ 400. Ó di 800. Ọjọ́ 22 ni wọ́n ń lọ sí ilé ìwé lóṣù. Ó di 17,600.

Ẹ bá wa rò ó pọ̀:

26,000 + 36,400 + 17,600 = 80,000 fránkì.

Ìyá Ìbejì wá kọ èyí tí wọ́n ń ná lọ́wọ́lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Owó ilé jẹ́ 35,000. Owó ọ̀nà wọn láàárín ìlú jẹ́ 15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50,000.

Bàbá Ìbejì wo ìwé náà títí. Wọn kò ní san owó ilé mọ́, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 30,000 fránkì ni wọn yóò máa fi kún owó ìnáwó wọn lóṣooṣù. Láàárín ọdún kan, ó di 360,000. Ẹni tí ó sá fún owó ilé ti bọ́ sọ́wọ́ owó ọ̀nà.

Owó nìkan kọ́. Àkókò ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn oníbàárà Ìyá Ìbejì ń jẹ ẹ̀kọ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Kí ó tó lè bá wọn níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kúrò ní Gòdómẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ta ni yóò wẹ àwọn ìbejì? Ta ni yóò fún wọn ní oúnjẹ àárọ̀? Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bi aya yín ní irú ìbéèrè báyìí kí ẹ tó san owó. Ẹni tí ó ń gbé ẹrù ni ó mọ bí ó ṣe wúwo.

4. Ẹ lọ wo ilé náà ní ìgbà mẹ́rin

Ẹni tí ó bá wo ilé lẹ́ẹ̀kan péré kò tíì wò ó. Ìgbà mẹ́rin ni ó yẹ kí á lọ.

Ìgbà kìn-ín-ní ni òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé náà ní àkókò tí ẹ ó máa jáde, kí ẹ sì ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ yín. Bàbá Ìbejì ṣe bẹ́ẹ̀. Gòdómẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Kútọnù bọ̀ ti pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí Kàlàví àti Bohicon, èkejì lọ sí Ouidah àti ilẹ̀ Tógò. Nítorí náà, ọkọ̀ àti alùpùpù a máa pàdé níbẹ̀ láàárọ̀ bí omi odò méjì. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú tí alágbàtà mú un lọ, ìdajì wákàtí ni wọ́n lò. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó lò ju wákàtí kan lọ, èéfín sì kún imú rẹ̀.

Ìgbà kejì ni ọ̀sán. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò nígbà tí ẹ kò bá sí nílé. Ṣé ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Ṣé alágbẹ̀dẹ tàbí ajórin wà níbẹ̀? Níbo ni wọ́n ń da pàǹtírí sí? Iṣẹ́ kì í ṣe ohun búburú. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta.

Ìgbà kẹta ni alẹ́. Ṣé iná wà lójú ọ̀nà? Ṣé obìnrin lè dá rìn níbẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́? Ṣé ilé ọtí wà nítòsí tí ó ń lu orin títí di ààjìn? Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ariwo tí ẹ bá gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, òun ni ẹ ó máa gbọ́ ní gbogbo alẹ́.

Ìgbà kẹrin ni ọjọ́ òjò. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù ní agbègbè òkun wa. Òjò àkọ́rọ̀ a máa rọ̀ láti ìparí oṣù kẹta títí di oṣù keje, oṣù kẹfà ni ó sì máa ń pọ̀ jù. Òjò àròkúrò a tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí a bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, a ti kan omi. Nítorí náà, omi òjò kì í tètè rí ibi wọlẹ̀ sí. Ilé tí a wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì fi ojú rẹ̀ hàn wá.

5. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà

Ìyá Ìbejì kò dúró de oṣù kẹfà kí ó tó béèrè. Ó lọ sí àdúgbò náà fúnra rẹ̀. Ó rí ìyá àgbà kan tí ó ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, ìyá. Ẹ kú iṣẹ́."

"O kú ọ̀sán, ọmọ mi. Jókòó. Ṣé ilé tí wọ́n ń tà yẹn ni o wá wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi a máa wọ ilé níbí?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ilé náà.

"Wo ẹsẹ̀ ògiri yẹn, ọmọ mi. Ṣé o rí i pé ọ̀dà ìsàlẹ̀ tuntun ju ti òkè lọ? Ibi tí ọ̀dà tuntun dé, ibẹ̀ ni omi dé ní èṣí. Bí òjò bá le, orí tábìlì ni à ń gbé ìkòkò kà kí á tó lè dáná."

"Ìyá, kí ló dé tí alágbàtà kò sọ èyí fún wa?"

"Ọmọ mi, ṣé ẹni tí ó ń ta ẹran yóò sọ pé ẹran òun ń rùn?"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yìí dúró lọ́kàn yín. Ẹni tí ó ń ta ilé kò ní sọ àbùkù rẹ̀. Aládùúgbò ni yóò sọ ọ́, bí a bá kí i dáadáa, tí a sì jókòó tì í.

Ẹ lè rí àmì omi pẹ̀lú ojú yín. Ẹ wo ilà dúdú tàbí ilà funfun lára ògiri. Ẹ wò ó bóyá àwọn ilé tí ó yí i ká ti gbé ẹnu ọ̀nà wọn sókè pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Ẹ wò ó bóyá wọ́n to àpò iyanrìn sí ojú ọ̀nà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rá, àkísà àti agolo, ilẹ̀ náà jẹ́ àbàtà tí wọ́n fi pàǹtírí dí. Ilé tí a kọ́ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè rì, kí ògiri rẹ̀ sì là.

6. Omi mímu, sáláńgá àti iná

Ilé lè dára, kí omi rẹ̀ má dára. Ẹ béèrè bóyá omi ẹ̀rọ SONEB ti dé ilé náà, tàbí ẹnu ọ̀nà àdúgbò ni ó dúró sí. Bí kò bá tíì dé, èló ni wọ́n ń ta korobá omi kan? Korobá mélòó ni ẹ ń lò lójúmọ́? Ẹ ṣírò rẹ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe ṣírò ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ kànga ni wọ́n ń lò, ẹ wo ibi tí sáláńgá wà. Ó kéré tán, mítà 15 ni ó yẹ kí ó wà láàárín kànga àti sáláńgá. Bí ó bá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára jù. Ẹ má gbàgbé sáláńgá ilé kejì, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ògiri. Ní àkókò tí omi bá bo ilẹ̀, ohun tí ó wà nínú sáláńgá lè wọ inú kànga. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru àti kọ́lẹ́rà ti ń wá. Omi irú kànga bẹ́ẹ̀ kò ṣe é mu láìṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ti iná, ẹ béèrè bóyá ilé náà ní kọ̀ǹtọ̀ SBEE tirẹ̀. Ní àwọn àdúgbò tuntun, àwọn kan ń fa okùn iná láti ilé ẹlòmíràn. Okùn náà a máa kọjá lórí igi àti lórí òrùlé bí òwú aláǹtakùn. Iná rẹ̀ kì í lágbára tó. Ẹni tí ó ni kọ̀ǹtọ̀ lè béèrè iye tí ó wù ú. Bí okùn náà bá já sínú omi òjò, ó lè pa ènìyàn.

7. Àwọn ènìyàn tí a ó bá gbé

Ẹ béèrè ibi tí ilé ìwé wà, àti ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà dé ibẹ̀. Ṣé yóò sọdá ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀? Ẹ béèrè ibi tí ilé ìgbẹ̀bí wà. Ìrọbí kì í yan àkókò. Bí ó bá mú obìnrin lóru, nínú òjò, ṣé ọkọ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà ilé náà?

Ẹ rò ó nípa àwọn ará ilé pẹ̀lú. Àwa kì í dá gbé. Màmá lè ti Kétu wá tọ́jú ọmọ tuntun. Àbúrò lè ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá kọ́ iṣẹ́. Níbo ni wọn yóò sùn? Àwa náà ń lọ sílé fún ìsìnkú, fún ìkómọ àti fún ọdún. Ibùdókọ̀ wo ni a ó ti wọ ọkọ̀, èló sì ni?

8. Ìwé ilẹ̀

Bí gbogbo nǹkan tí a ti kà bá dára, ó ku ìwé. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni ó ń ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá. A lè ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Ọmọ kan lè ta ilẹ̀ ẹbí láìsọ fún àwọn yòókù.

Òfin ilẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jáde ní ọdún 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2017. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, ìwé tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ni titre foncier. Àwọn ìwé mìíràn wà, bí convention de vente àti attestation de recasement. Wọ́n lè fi hàn bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹni tí ó ń tà á, ṣùgbọ́n wọn kò tó titre foncier.

Kí ẹ tó san owó, ẹ ṣe nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

Èkíní, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí ẹ sì lọ sí mérì. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà, kí ẹ sì béèrè bóyá ìjà wà lórí rẹ̀, tàbí bóyá ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀nà.

Èkejì, bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ rí i pé gbogbo àwọn tí ó ni ín ló fọwọ́ sí i, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Ẹ̀kẹta, bí ilẹ̀ bá ní titre foncier, ọ̀dọ̀ notaire ni a ti ń ṣe ìwé títà rẹ̀. Ẹ béèrè iye tí iṣẹ́ náà yóò gbà, kí ẹ sì fi í kún owó ilé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi owó ilé lé alágbàtà lọ́wọ́. Ibi tí ẹlẹ́rìí wà ni kí ẹ ti san án, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí.

Ìkarùn-ún, ẹ má tẹ ìka sí ìwé tí ẹ kò kà. Bí ó bá jẹ́ èdè Faransé tí kò yé yín, ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ, kí ó túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni a ṣe ń kọ́ ìwé.

9. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí

Ọjọ́ Ẹtì dé, Bàbá Ìbejì kò san owó. Ó dùn ún. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì jẹun dáadáa. Ẹlòmíràn ra ilé náà.

Ní oṣù kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Ìbejì ní òun fẹ́ lọ wo ilé yẹn. Nígbà tí ó débẹ̀, omi ti dé orúnkún. Ẹni tí ó ra ilé náà wà nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ń fi korobá gbọ́n omi jáde. Aya rẹ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn, ó dúró lórí àga. Bàbá Ìbejì kò lè sọ̀rọ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì bá ọkùnrin náà gbọ́n omi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí ó padà délé, ó sọ fún aya rẹ̀ pé: "Ìyá Ìbejì, o ṣeun. Èmi ni ǹ bá wà nínú omi yẹn."

Wọn kò jáwọ́ nínú wíwá ilé. Nínú òjò ọdún yẹn kan náà, wọ́n rí òmíràn ní ibi tí ilẹ̀ ti ga. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, kò ju bí èyí tí wọ́n háyà lọ. Owó rẹ̀ jẹ́ 5,500,000. Ó kéré ju ti àkọ́kọ́, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọjà àdúgbò kò jìnnà sí i, ilé ìwé kò sì jìnnà. Ó ní titre foncier. Owó tí ó kù ni wọ́n fi san ti notaire àti ti ìkẹ́rù.

Ìyá Ìbejì gbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀ wá sí ọjà tuntun yìí. Kò rọrùn fún un. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kò tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀kọ ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé ìwé, àwọn ìbejì bọ́ sí ilé ìwé tuntun, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Bàbá Ìbejì nìkan ni ó kù tí ó ń gun sẹ́mìjàn. Owó ọ̀nà gbogbo ilé di 26,000 lóṣù.

Èyí kò sọ pé ilé kékeré ni ó dára fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ tíṣà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kàlàví ni, ìṣirò rẹ̀ yóò yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé ní ẹ̀bá Àjàṣẹ́, owó ọ̀nà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ. Ohun tí kò yí padà ni pé kí á ṣírò ọjọ́ kan kí á tó san owó ọdún púpọ̀. Alágbàtà tí ó bá ní kí ẹ yára, ẹ bi í léèrè pé: ta ni yóò gbé inú ilé náà, ìwọ ni àbí àwa?

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí owó ilé àkọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò wọ́n?
2. Ta ni ó sọ òtítọ́ nípa omi fún Ìyá Ìbejì? Kí ni àmì tí ó fi hàn án?
3. Ìgbà mẹ́rin wo ni ó yẹ kí á lọ wo ilé? Kí ni à ń wò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan?
4. Kí ni ó burú nínú kí kànga sún mọ́ sáláńgá?
5. Kí ni Ìyá Ìbejì pàdánù nígbà tí wọ́n kó lọ? Ṣé ẹ rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ sọ ọ́ nínú kíláàsì.

Ìṣirò

1. Owó ọ̀nà ilé àkọ́kọ́ ìbá jẹ́ 80,000 lóṣù. Ti ilé kejì jẹ́ 26,000. Èló ni ó wà láàárín wọn? (Ìdáhùn: 54,000.)
2. Ilé kejì fi 500,000 wọ́n ju ti àkọ́kọ́. Bí ẹbí náà bá ń rí 54,000 pa mọ́ lóṣooṣù, ṣé oṣù 10 tó láti dá 500,000 náà padà? (Ìdáhùn: Ó tó. 54,000 lọ́nà 10 jẹ́ 540,000.)
3. Ẹ kọ owó ọ̀nà ilé tiyín fún ọjọ́ kan. Ẹ sọ ọ́ di ti oṣù kan. Ẹ mú un wá sí kíláàsì tí ń bọ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta

Kí n tó ra ilé, mo wo ọ̀nà, mo wo omi, mo wo aládùúgbò, mo ka ìwé.